Àwọn Ibi Tó Yẹ Kí A Fi Ojú Ara Wa Rí Lórí Òkè Jos

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Gyel)

  Alága ní kí àwa akọ̀wé yín dìde sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìrìn-àjò ìgbafẹ́ tí a dá lábàá ní ìpàdé oṣù tó kọjá, nítorí ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè wọ inú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa, kí àwọn tí ọjà kò jẹ́ kí wọ́n wá lónìí lè rí i kà.

Ẹ ó rántí pé bàbá wa kan dìde lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, "Ṣé àpáta la wá wò ní Jos ni? Owó la wá wá." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. A kò bá bàbá jiyàn, nítorí òtítọ́ ni wọ́n sọ. Kùsà ló fa àwọn bàbá ńlá wa wá síbí. Nígbà tí ojú irin tóóró tó ti Sàríà wá dé Bukuru ní ọdún 1914, tí ojú irin ńlá sì gba Kafanchan wọ Jos ní ọdún 1927, òun ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ń bá wá pẹ̀lú ẹrù aṣọ, obì, abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹni tó ń ru ẹrù láti ibùdó kùsà kan dé èkejì kò ní àyè láti dúró kí ó máa wo òkè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ènìyàn wa tó lọ sí Gánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ 14. Àwọn tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn kò lè jókòó sílé, wọ́n tún kọrí sí Òkè Ọya níbí, a sì bá wọn gbé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí a bá bi wọ́n pé báwo ni Gánà ṣe rí, iye tí wọ́n ń ta ìgàn aṣọ ní Kùmásì ni wọ́n ń sọ, àti orúkọ ibùdókọ̀. Odi Elmina wà létí òkun níbẹ̀, èyí tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1482, tí wọ́n wá ń gba ibẹ̀ kó ẹrú sọdá. Àwọn ènìyàn ń ti Amẹ́ríkà wá wò ó, wọ́n ń sunkún níbẹ̀. Àwọn tiwa tí a bi léèrè, tí wọ́n gbé Gánà títí orí fi funfun, kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú wọn. Ṣọ́ọ̀bù lọ, ilé lọ, kò sì sí ìròyìn tí wọ́n lè sọ fún ọmọ. Ìyẹn ló ń ká wa lára.

Àwa náà ti pẹ́ níbí. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Gyel ń sọ Berom níta, wọ́n ń sọ Haúsá lọ́jà, wọ́n ń sọ Yorùbá nígbà tí a bá mú pàṣán. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n kọ̀wé nípa ìlú wọn, Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n dé lẹ́ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń kọ. Àna tó bá sì ti ilé wá bẹ̀ wá wò nígbà Kérésì, inú pálọ̀ ni yóò jókòó sí, yóò fi kúbùsù bora, yóò wo tẹlifíṣọ̀n, yóò padà lọ sọ fún wọn nílé pé Jos tutù. Ṣé òtútù nìkan ni Jos ní?

A óò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a jókòó sí. Ẹni tó bá ti Bukuru gba Gyel kọjá yóò rí àwọn òkìtì yanrìn àti adágún omi láàárín wọn, òmíràn dúdú bí aró, òmíràn ní àwọ̀ ewé. Àlejò a máa rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ wọn. Kùsà tí a ń pè yìí, kuza ni Haúsá ń pè é, òun ni tánganran. Àwọn ará ibí ti ń yọ́ ọ kí òyìnbó tó dé, ṣùgbọ́n òyìnbó ló wá fi ẹ̀rọ tú ilẹ̀ náà kiri. Ní ọdún 1942, nígbà ogun Hitler, ilẹ̀ Japan gba Malaya mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí púpọ̀ nínú tánganran wọn. Ni wọ́n bá yíjú sí Òkè Jos. Láàárín ọdún 1942 sí 1944, wọ́n fi agbára kó àwọn ọkùnrin tó lé ní 100,000 káàkiri Òkè Ọya wá síbí láti wa kùsà. Òtútù, ebi àti àìsàn pa púpọ̀ nínú wọn. Lára ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ báyìí ni a fi ń bomi rin tòmátò àti kábéèjì tí a ń kó lọ sí Èkó. Ó yẹ kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń wo omi náà.

Ohun mìíràn tún wà tí a fẹ́ sọ nípa adágún wọ̀nyí, kí ẹ jọ̀wọ́ dákẹ́ gbọ́. Odò a máa jìn díẹ̀díẹ̀. Kòtò kùsà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ kò bá ilẹ̀ mọ́. A ti dúró létí rẹ̀ rí pẹ̀lú àwọn òbí tí ọmọ wọn lọ wẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tí a kò rí òkú rẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Àwọn kan sọ pé kí a má ṣe dárúkọ ibẹ̀ létí àwọn ọmọ rárá. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ tí a kò bá mú lọ yóò mú ara rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fúnra wa mú wọn dé etí rẹ̀, kí a ju òkúta sí i, kí wọ́n rí bí ó ṣe ń rì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó mú un lọ sí Rayfield, níbi tí wọ́n ti sọ ọ̀kan nínú irú adágún bẹ́ẹ̀ di ibi ìgbafẹ́. Ẹ má sì gbàgbé yanrìn dúdú tó kù sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ kùsà: a kì í fi kọ́lé, nítorí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ó ní ìtànṣán tí kò dára fún ara.

Láti ibẹ̀ ẹ jẹ́ kí a wọ Jos lọ sí Músíọ́mù. Bí ènìyàn kò bá lè lọ sí ibi méjì, kí ó lọ síbí yìí nìkan. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bernard Fagg ló dá a sílẹ̀, ọdún 1952 ni wọ́n ṣí i. Ohun tó gbayì jù níbẹ̀ ni àwọn orí amọ̀ Nok. Ìtàn wọn dùn mọ́ àwa akọ̀wé púpọ̀. Ní ọdún 1928, àwọn tó ń wa kùsà ní abúlé Nok, lápá Jema'a, kọ́kọ́ hú ọ̀kan jáde, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tó di ọdún 1943, akọ̀wé kan níbi ìwakùsà kan rí orí amọ̀ mìíràn, ó gbé e lọ sílé, ó fi í sínú oko iṣu rẹ̀ kí ó máa lé ẹyẹ. Ọdún kan gbáko ni orí náà fi ṣọ́ iṣu! Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló rí i, ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ló gbé e lọ fún Fagg ní Jos. Fagg ló wá mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará àtijọ́ ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn yòókù. Ọjọ́ orí wọn lé ní ẹgbàá ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé tiwa. A ń fi orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn orí Nok yìí fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ju ti Ifẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé inú ihò ni àwọn ará òkè yìí ń gbé kí a tó kó aṣọ dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ó lọ dúró síwájú orí wọ̀nyẹn, kí ó wo bí wọ́n ṣe di irun wọn àti bí wọ́n ṣe lu ojú wọn. A ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa nínú ọjà, kò sì dùn mọ́ wa.

Nínú ọgbà kan náà ni àwọn ilé àtijọ́ wà. Ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì kan, Zbigniew Dmochowski, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn káàkiri Nàìjíríà, tó ń wọn ilé àwọn baba wa, tó ń yà wọ́n sínú ìwé kí òjò tó wó wọn tán. Òun ló ya àwòrán tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé náà. Odi Kano wà níbẹ̀, mọ́sálásí Sàríà wà níbẹ̀. Ilé oúnjẹ kan wà tí wọ́n kọ́ bí ilé ìjòyè Ìbíní, Bight of Benin ni wọ́n ń pè é; àwọn ìyá wa tó bá fẹ́ sinmi lè jókòó síbẹ̀ dè wá. Ẹ má retí pé ohun gbogbo yóò máa dán. Ojú òjò ti rí àwọn ilé amọ̀ náà, ó sì dùn wá pé àtúnṣe kì í tètè dé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà ilé lọ. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà Akwanga. Bí a bá ń lọ sílé nígbà Kérésì tàbí Iléyá, ibẹ̀ la ń gbà, ṣùgbọ́n ó jọ pé oorun la fi ń gbà á. Kò pẹ́ tí a bá kúrò ní Bukuru, ní nǹkan bí kìlómítà 25 sí Jos, ni àpáta Riyom wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òkúta ńláńlá ni wọ́n, wọ́n jókòó léra wọn bí ẹni to ìkòkò, ẹ ó sì rò pé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, èyí tó wà lókè yóò yí lulẹ̀. Wọn kò yí. Òjò àti oòrùn ló jẹ àwọn apá tó rọ̀ kúrò lára àpáta náà láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tó le ló kù. Àwọn aláwòrán fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀.

Síwájú sí i, níbi tí ilẹ̀ gíga ti tán, tí ọkọ̀ ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo, ni òṣọ́ọ̀rọ̀ omi Assop wà. Kò tó 70 kìlómítà sí Jos. Ẹni tó ti dé Erin-Ìjẹ̀ṣà rí yóò sọ pé ti Erin ga jù. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Assop fẹ̀, ó ń fọ́n ká lórí àpáta, ó ń pín sí ọ̀nà púpọ̀, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ènìyàn méjì gbọ́ra wọn. Nígbà òjò, omi náà kì í ṣe ohun tí à ń sún mọ́. Lóṣù kejì àti ìkẹta, ó ti fà sẹ́yìn. Oṣù kọkànlá ló dára jù, tí òjò ti dá, tí omi sì kún síbẹ̀. Àpáta ibẹ̀ ń yọ̀, nítorí náà kí ẹni kẹ́ni má wọ bàtà gogoro. Àwọn ìyá wa, ẹ̀yin la ń bá wí.

Ohun kan wà tí a kì í rò nípa omi òkè yìí. Lápá Vom, tí kò jìnnà sí wa, ni odò Kaduna ti ṣẹ̀. Ó gba Kaduna kọjá, ó dé ìdídò Shiroro tí wọ́n ti ń fà iná mànàmáná, ó sì já sí Odò Ọya. Omi òjò tó rọ̀ sẹ́yìnkùlé wa lè tan gílóòbù nílé àwọn ìyá wa ní ìwọ̀-oòrùn. Ní Vom kan náà ni ilé ìwádìí àìsàn ẹran tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924 wà, níbi tí oògùn àjẹsára adìẹ tí ẹ ń rà ti ń wá.

Òkè Shere ńkọ́? Ó wà ní ìlà-oòrùn Jos, kò ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá lọ. Ibi tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ mítà 1,829 sókè òkun, èyí tó lé ní 6,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ìjọba ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń gun àpáta àti bí a ti ń jẹ́ aṣáájú. Àwọn ènìyàn ń ti òpin ayé wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wo òkè Himalaya ní Íńdíà àti Nẹ̀pálì, wọ́n ń sanwó ńlá fún àwọn ará àfonífojì ibẹ̀ kí wọ́n fi ọ̀nà hàn wọ́n. Òótọ́ ni pé Everest ga ní mítà 8,849, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Shere márùn-ún tí a to léra. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àtidé Shere kò tó owó aṣọ ẹbí kan. Àwọn ọ̀dọ́ ni kí ó lọ síbẹ̀. Àwa àgbà yóò jókòó nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀.

Ọgbà ẹranko Jos náà wà, tí Gómìnà Joseph Gomwalk dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 nígbà Benue-Plateau. Ó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́jọ níbùú lóròó. Ẹnìkan bi wá ní ìpàdé tó kọjá nípa kìnnìún tó jáde nínú àgò rẹ̀. Lóòótọ́ ni, oṣù kejìlá ọdún 2015 ni, wọ́n sì yìnbọn pa á. Àwọn ọmọ ti ń lọ wo ọgbà náà láti ìgbà náà wá.

Àwọn ibi tó jìnnà, a óò kàn dárúkọ wọn. Òṣọ́ọ̀rọ̀ Kurra wà lápá gúúsù ìlà-oòrùn. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ NESCO ti ń fi omi fà iná láti nǹkan bí ọdún 1929, fún àwọn ibùdó kùsà. Kerang wà lápá Mangu, òkè tó ti yọ iná rí láyé àtijọ́ ni, ibẹ̀ ni omi inú ìgò tí ẹ ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ti ń ṣẹ̀. Àpáta Wase jìnnà ju 200 kìlómítà lọ, òun nìkan ló dá dúró lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ọmọ odó, orí rẹ̀ sì ni ẹyẹ òfú tí a ń kà nínú Bíbélì ń pa mọ́ sí. A fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní lọ síbẹ̀ lọ́dún yìí.

Ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Ìyá wa kan bèèrè bóyá ọ̀nà dára, ìbéèrè ọlọgbọ́n sì ni. Ọdún 2001, ọdún 2008 àti ọdún 2010 kò tíì kúrò lára wa. Àwọn tó sin ènìyàn wọn jókòó sínú ilé yìí. Iná jó ọjà ńlá Jos ní ọdún 2002, ẹrù wa wà nínú rẹ̀. Bọ́ǹbù bú ní Terminus ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. A kò ní sọ fún yín pé ohun gbogbo ti tán. Ohun tí ìgbìmọ̀ fi ẹnu kò lé lórí ni pé a kò ní rin ìrìn òru. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní bá wa níta. Ibi tí a bá ń lọ, a óò ti ránṣẹ́ sí Gwom ibẹ̀ ṣáájú, nítorí òkè tó ní olówó kì í ṣe ibi tí à ń yọ́ wọ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni yóò mú wa gun un, a óò sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn tayọ̀tayọ̀, kì í ṣe pé kí a máa ná wọn bí ẹni ná tòmátò. Bí ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà kò bá dára, a óò jókòó sílé, owó olówó yóò sì wà lọ́wọ́ akápò.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ ohun kan fún bàbá wa tó sọ̀rọ̀ lóṣù tó kọjá. Bàbá, a rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. A ti fi àga iwájú nínú ọkọ̀ kìíní pa mọ́ fún yín, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí àwọn ọmọ jókòó sẹ́yìn yín kí wọ́n gbọ́ bí ọ̀nà náà ti rí nígbà tí bàbá yín ń fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Kò sí èyí nínú Músíọ́mù.

Ètò tó wà nílẹ̀ nìyí. Sátidé kejì nínú oṣù kọkànlá ni a óò lọ sí Riyom àti Assop, ọkọ̀ elérò méjìdínlógún méjì. Sátidé kejì nínú oṣù kejìlá ni ti Músíọ́mù, kí ilé ìwé tó gba ìsinmi. Ti adágún Gyel kò nílò ọkọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni a óò rìn ín, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́fà pẹ̀lú òbí rẹ̀ kan. Kí àwọn tó ń lọ sí Assop forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò kí oṣù yìí tó parí. Ìyálóde ní àwọn yóò bójú tó ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ọkọ̀ yóò gbéra ní agogo méje àárọ̀ níwájú ilé ìpàdé, kì í ṣe agogo méje ti Yorùbá. Kí oníkálukú mú ẹ̀wù òtútù dání.